Apá Kejì Fíìmù Tí Bọ̀ọ̀dá Délé Kò Bá Mi Wò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá jókòó tì mí díẹ̀ lónìí. Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí mi tó jẹ́ pé màmá mi nìkan ni mo sọ ọ́ fún rí, ó sì ti tó kí n tú u sílẹ̀. Ẹ mọ̀ mí sí ẹni tó máa ń pa yín lẹ́rìn-ín níbí, àmọ́ tòní kò fi bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀rín nínú. Ẹ ṣáà bá mi kà á dópin kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́ o!

Orí fíìmù ló ti bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, fíìmù! Fíìmù òyìnbó àtijọ́ kan báyìí.

Bàbá wa ṣe tíṣà ní Kàdúná fún ọdún gbọọrọ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, tí wọ́n sì kó gbogbo wa padà sí Ìpáò-Èkìtì. Nínú ẹrù tí wọ́n kó bọ̀, tẹlifíṣọ̀n kan wà níbẹ̀, ẹ̀rọ fídíò kan, àti kásẹ́ẹ̀tì mẹ́rin. Mẹ́ta nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn bàjẹ́ kí ọdún tó yí po. Ọ̀kan tó kù ni fíìmù tí mò ń wí yìí. A wò ó, a wò ó, títí àwòrán rẹ̀ fi ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe.

Ọkùnrin kan ló wà nínú rẹ̀ tó ń fi ọkọ̀ òfuurufú gbé omi láti ayé yìí lọ sí ibì kan lókè lọ́hùn-ún tí ọ̀dá ti dá. Ó fi ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré sílẹ̀ nílé. Ọkọ̀ bàjẹ́ sójú ọ̀nà, àwọn tí wọ́n jọ wà nínú rẹ̀ kú tán, ó wá ku òun nìkan pẹ̀lú omi rẹpẹtẹ.

Ní Ìpáò tí a ti ń ru omi lórí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ta ni wọ́n máa ṣàlàyé ìyẹn fún kó tó yé e? Kò sẹ́ni tó ń pe fíìmù náà ní orúkọ òyìnbó tó ń jẹ́. "Fíìmù Olómi" ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ìyá Bọ́sẹ̀, tí ilé rẹ̀ wà lódìkejì ọ̀nà, kì í wò ó láìbínú. Gbogbo ìgbà ló máa ń bèèrè pé, ṣé nínú gbogbo àwọn òyìnbó yìí, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó lè gbẹ́ kànga síbẹ̀ ni?

Bàbá ló ń ṣe ògbufọ̀. Ọjọ́ tí iná bá dé, pálọ̀ wa máa kún fọ́fọ́. Bàbá á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, á mú pàṣán tí wọ́n fi ń na àwọn ọmọ iléèwé tẹ́lẹ̀ dání, á máa fi tọ́ka. Yorùbá inú ìwé ni wọ́n fi ń kọ́ni, àmọ́ tó bá ti di ọ̀rọ̀ Olómi, èdè Ìpáò gidi ni wọ́n ń sọ. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ omi kò yẹ kó gba èdè iléèwé kọjá.

Ibi tí fíìmù náà parí sí ni wàhálà wà. Olómi jókòó lóun nìkan, ó fa gíláàsì akoto rẹ̀ bojú, ó wá fi rédíò inú ọkọ̀ bá ọmọ rẹ̀ tó wà nílé sọ gbólóhùn kan ṣoṣo. Bí ó ṣe sọ ọ́ tán ni tẹlifíṣọ̀n funfun báláú. Ó parí! Bàbá á wá sọ̀ pàṣán kalẹ̀, wọ́n á ní, "Ó ní òun ń lọ ulé."

Ṣé ó dé ilé, àbí kò dé? Ìjà èmi àti ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn fún bí ogún ọdún.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Bọ̀ọ̀dá Délé, fi ọdún márùn-ún jù mí. Ará Èkìtì ni wá o, a kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe "ẹ̀yin" fún ara wa nínú ilé, "ìwọ" ni mò ń pè é, ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ní Olómi délé. Ṣebí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́? Èmi ní irọ́ ni, ó kú! Ṣé àwa kọ́ la ń sọ pé ayé lọjà, ọ̀run nilé ni? Nígbà tí bàbá bàbá wa kú, ta ló sọ pé wọ́n kú? "Bàbá ti relé" ni wọ́n kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Bọ̀ọ̀dá Délé á ní kí n gbẹ́nu mi sọ́hùn-ún. Ó ní arúgbó ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ fún. Ó ní ẹni tí irun rẹ̀ ṣì dúdú, tó bá ní òun ń lọ sílé, ilé náà ló ń lọ, ilé tí iyán wà! Mo máa ké, òun náà á ké, Màmá á lé àwa méjèèjì síta. Nígbà míì a ò ní bára wa sọ̀rọ̀ títí dọjọ́ kejì, nítorí òyìnbó tí kò mọ̀ wá rí.

Bàbá kò dá ẹjọ́ náà fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Wọ́n ní ká ní sùúrù kí apá kejì jáde.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Ṣé ẹ rántí bí fíìmù Yorùbá ṣe rí láyé ìgbà yẹn? Kò sí èyí tí kì í ní apá kejì. Kí ẹ tó fọ àwo tí ẹ fi jẹun nídìí apá kìíní, apá kejì ti délé. Báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ pé àwọn òyìnbó lè pa fíìmù tì sójú ọ̀nà bẹ́ẹ̀? A dúró, a dúró. Bàbá dúró títí wọ́n fi kú. Wọ́n ti dàgbà, wọ́n fọwọ́ rọrí, iwájú ilé wa náà la sì sin wọ́n sí. Bọ̀ọ̀dá Délé jó lọ́jọ́ náà títí bàtà rẹ̀ fi já.

Nígbà tó yá, ó kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà ní Ìkọ̀lé. Ó bá iṣẹ́ náà lọ sí ìlú kan létí omi, tó jìnnà sí Pọ́táákọ̀tì gan-an, níbi tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń dé ibẹ̀. Èmi di tíṣà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìpáò, mo sì ń gbé pẹ̀lú Màmá.

Fóònù alágbèéká wá dé. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní apá ọ̀dọ̀ wa nígbà yẹn, ẹ mọ̀ bó ṣe rí. Fóònù wà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí! Ní Ìpáò, àfi kí n gun orí àpáta tó wà lẹ́yìn iléèwé wa. Tí mo bá sì débẹ̀, mo gbọ́dọ̀ kọjú sí ọ̀nà Ìkọ̀lé kí n tó lè gbọ́ nǹkan kan, àní bí ẹni ń kírun.

Ọjọ́ kan, orí àpáta yẹn ni mo wà nígbà tí Bọ̀ọ̀dá Délé pè, tó ń pariwo pé, "Fúnmi! Apá kejì ti jáde!"

Apá kejì kí ni? Fíìmù Olómi! Lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ó lé! Fíìmù tó ti wà kí wọ́n tó bí mi! Mo pariwo débi pé àwọn ọmọ kíláàsì mi sáré jáde. Ó ní òun ti ra sídíì rẹ̀, òun kò sì tíì já ọ̀rá ara rẹ̀. Ó ní mi ò gbọ́dọ̀ wò ó níbòmíràn o, òun ń bọ̀ wálé fún ọdún Àjíǹde, a jọ máa wò ó ni. Ẹni tó bá jẹ̀bi nínú àwa méjèèjì ló máa gún iyán ilé fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Bọ̀ọ̀dá Délé tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń di ọmọ odó mú!

Ó tún kọ́ mi ní bí a ó ṣe máa ṣe é. Ó ní bí òun bá ti wà lójú ọ̀nà, òun á máa fíláàṣì mi, kó kàn dún lẹ́ẹ̀kan kó sì já. Fóònù rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ní bátìrì, ó lè yá ti ẹlòmíràn, nítorí náà nọ́ńbà yòówù kí n rí, kí n má pè é padà, kí n má ba kírẹ́díìtì jẹ́. Kí n ṣáà mọ̀ pé òun ti ń sún mọ́lé nìyẹn.

Mo di èyí mú dáadáa. Ìbá dára ká ní mo ti gbàgbé rẹ̀.

Ọjọ́rú tó ṣáájú ọdún Àjíǹde, nígbà tí àwọn ọmọ ń ṣeré lọ́sàn-án, mo gun orí àpáta. Nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ pè mí. Bródá Sámúẹ̀lì ni, ọ̀rẹ́ Bọ̀ọ̀dá Délé tí wọ́n jọ ń ṣe wẹ́dà, tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan náà, tí wọ́n sì jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àtúnbí kan níbẹ̀. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Mi ò rí i rí, àmọ́ Bọ̀ọ̀dá Délé kì í pe mí kó má dárúkọ rẹ̀.

Ohùn rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Ó kọ́kọ́ bi mí bóyá àgbàlagbà kankan wà nítòsí mi. Mo ní kò sí, kó sọ̀rọ̀ kíákíá kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó lọ. Àwọn ọmọ ń pariwo nísàlẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ ni mo fẹ́ kọ síbí yìí, láìfi kún un, láìyọ kúrò:

"Sísítà, ẹ fọkàn balẹ̀. Bródá Délé ti lọ sílé láàárọ̀ yìí. Pẹ̀lú àlàáfíà ni wọ́n lọ. Ẹ sọ fún Mama... a... retí..."

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n ti mọ̀. Ó dájú pé ẹ ti mọ̀ láti ìgbà tó ti béèrè àgbàlagbà. Ta ló ń béèrè àgbàlagbà láti ròyìn ayọ̀? Èmi ńkọ́? Èmi tí mo fi bí ogún ọdún jà pé ẹni tó bá ní òun ń lọ sílé ti kú! Ọjọ́ kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ yẹn wá túmọ̀ sí ohun tí mo ń sọ, ọjọ́ náà ni mo gbọ́ ọ bíi ti ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ta ní í sọ pé ó relé? Wọn kì í sọ bẹ́ẹ̀ ní Ìpáò. Ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ́hùn-ún ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé fún àgbà, mi ò sì mọ̀.

Mo tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀! Mo pariwo sínú fóònù pé, "Ẹ ṣé gan-an, Bródá! Ọlọ́run á san yín lóore o!" Nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì já.

Mo sáré dé ilé. Màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Mo ní Délé ti wọ ọkọ̀ láàárọ̀, Bródá Sámúẹ̀lì ló pè, ó ní ká máa retí rẹ̀. Màmá da ẹ̀gúsí nù sílẹ̀, wọ́n jó yí àgbàlá po. Wọ́n ní kí n lọ mú uṣu tó tóbi jù nínú àká. Kírẹ́díìtì tó wà lórí fóònù mi, tó tó láti fi pe Bródá Sámúẹ̀lì padà kí n bi í pé ọkọ̀ wo ló wọ̀, mo padà sórí àpáta, mo fi pe àwọn àbúrò Màmá ní Ìkọ̀lé àti ní Ìrè pé Délé ń bọ̀. Títí ó fi tán.

Ọjọ́bọ̀, kò dé. Mo gun orí àpáta, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé pé nọ́ńbà yẹn ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì tí mi ò sí níbẹ̀. Mo rò pé Bọ̀ọ̀dá Délé ló yá fóònù Bródá Sámúẹ̀lì dání. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ní, "Màmá, ó ti fíláàṣì! Ó ti ń sún mọ́lé." Màmá gbé omi kaná.

Fúráìdè tí a ń ṣe ìrántí ikú Olúwa, a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a padà dé, kò tíì sí i nílé. Nọ́ńbà yẹn tún ti pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ojú tiẹ̀ ń kán mi. Mo ní ó jọ pé ọkọ̀ wọn ló bàjẹ́, ó ń fíláàṣì kí ọkàn wa lè balẹ̀ ni.

Sátidé, mo fọ aṣọ ibùsùn rẹ̀, mo sá a sórí okùn. Ọjọ́ náà ni wọ́n sin ín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀ kí n tó máa kọ lọ.

Ibà ló mú un. Ọjọ́ mẹ́ta péré. Kò sí mọ́ṣúárì ní ìlú etí omi yẹn, wọ́n sì ń retí wa kí a wá gbé e. "A ń retí yín" ni Bródá Sámúẹ̀lì ń sọ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi gé e sí méjì. Wọ́n retí wa ní Ọjọ́bọ̀. Wọ́n retí wa ní Fúráìdè. Àwọn ń retí wa, àwa náà ń retí rẹ̀. Nígbà tí òkú kò ṣe é dúró dè mọ́, wọ́n sin ín sílẹ̀ onílẹ̀.

Báwo la ṣe wá mọ̀? Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kejì ni, lọ́sàn-án gangan. Èmi ti lọ sí Ìkọ̀lé ní Mọ́ńdè lọ ra káàdì, mo pe nọ́ńbà náà, wọ́n ní fóònù náà wà ní pípa. Ara mi kò lélẹ̀ mọ́, àmọ́ mi ò sọ fún Màmá. A wà níwájú ilé nígbà tí ọ̀kadà kan dúró. Báàgì dúdú Bọ̀ọ̀dá Délé ni Màmá kọ́kọ́ rí, wọ́n sì ti sáré dé ẹsẹ̀ ọ̀nà kí wọ́n tó rí i pé ẹlòmíràn ló gbé e kọ́ èjìká. Wọ́n ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n ń wò bóyá ọ̀kadà kejì ń bọ̀.

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú eruku. Ó ní kí Mama jọ̀ọ́, kí wọ́n má bínú pé àwọn kò lè dúró dè wá ju bẹ́ẹ̀ lọ, pé àwọn ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún Bródá Délé bí agbára àwọn ṣe mọ. Ó rò pé a ti mọ̀! Ó tilẹ̀ ní nígbà tí mo dúpẹ́ lọ́wọ́ òun lórí fóònù, òun sọ fún àwọn ará pé ìgbàgbọ́ àbúrò Bródá Délé ga, pé òun kò rí irú rẹ̀ rí.

Màmá kò sunkún lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n bi í pé ta ni wọ́n ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún. Wọ́n tún bi í. Nígbà tó wá yé wọn, igbe tí wọ́n ké, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu ènìyàn rí. Wọ́n sáré wọlé, ọmọ odó ni wọ́n mú jáde.

"Ìwọ lo pe ọmọ mi pé Délé ń bọ̀ ulé! Mo dáná dè é! Ìwọ lo pa urọ́ fún mi, o wá lọ sin ọmọ mi bí ẹni tí kò ní ulé! Kí ni mo fi ṣe ọ́? Dìde kúrò ní ojúde mi!"

Bródá Sámúẹ̀lì dìde, eruku kún àyà rẹ̀. Kò jiyàn, kò sọ pé òun kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó kàn yíjú, ó wò mí. Èmi nìkan ló mọ ohun tí wọ́n sọ lórí fóònù yẹn yàtọ̀ sí òun. Ó ń dúró kí n sọ̀rọ̀.

Mo wo ilẹ̀.

Mo mọ̀ nínú ọkàn mi lójú ẹsẹ̀. Gbogbo rẹ̀ yé mi pátá bí mo ṣe dúró síbẹ̀ yẹn, láti orí "ti lọ sílé" títí dé orí fíláàṣì. Àmọ́ ẹnu mi kò ṣí. Tí mo bá sọ̀rọ̀, Màmá á mọ̀ pé ọmọ tó kù fún wọn ni kò jẹ́ kí wọ́n rí òkú èyí tó lọ. Mo jẹ́ kí wọ́n fi ọmọ odó lé ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn aládùúgbò bá wọn lé e, Ìyá Bọ́sẹ̀ ju òkúta. Ó gbé báàgì náà kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ sídìí ògiri, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ lójú ọ̀nà Ìkọ̀lé nínú oòrùn ọ̀sán.

Oṣù mẹ́ta la fi wà pẹ̀lú báàgì náà láìṣí i. Òjò ti dé dáadáa lọ́jọ́ tí Màmá fúnra wọn fa síìpù rẹ̀. Ṣòkòtò rẹ̀ wà níbẹ̀, Bíbélì rẹ̀, gíláàsì tó fi ń jó irin. Sídíì kan wà láàárín aṣọ, ọ̀rá rẹ̀ kò tíì já. Lóòótọ́ ni kò wò ó. Màmá bi mí kí ni, mo sọ fún wọn. Wọ́n ní, "Gbé e sí i ká wò ó. Òun ló rà á fún wa."

Mo lọ yá ẹ̀rọ sídíì. Lọ́sàn-án Sátidé kan, àwa méjì péré ni, mi ò pe aládùúgbò kankan. Èmi wá di ògbufọ̀, mo dúró sí ibi tí Bàbá máa ń dúró sí.

Apá kejì náà bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ti àkọ́kọ́ parí sí. Olómi fa gíláàsì bojú, ó bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú rédíò. Màmá ní, "Kín ló wí?" Mo ní, "Ó ní òun ń lọ ulé." Màmá ní kí n tún un sọ, mo sì tún un sọ.

Fíìmù ń lọ. Ọmọbìnrin kékeré ìjọ́sí ti di ìyálọ́mọ. Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó ṣí i. Ẹ wò ó, Olómi ló dúró síbẹ̀! Òyìnbó kan náà ni wọ́n tún lò, ó ti darúgbó, irun rẹ̀ ti funfun tán, ó ń fi ọ̀pá rìn. Ó délé! Bọ̀ọ̀dá Délé jàre láti ọjọ́ yìí wá! Ohun àkọ́kọ́ tó wá sí mi lọ́kàn ni kí n sáré gun orí àpáta lọ pè é. Mo ti dìde kí n tó rántí. Mo bú sẹ́kún, mi ò lè túmọ̀ ohunkóhun mọ́. Ẹ wo bí àwọn òyìnbó ṣe lè fi apá kejì dá ènìyàn padà lẹ́yìn gbogbo ọdún yẹn, nítorí pé ọkàn àwọn èèyàn ṣì fà sí i!

Nígbà tí mo gbójú sókè, Màmá kò wo tẹlifíṣọ̀n. Èmi ni wọ́n ń wò.

"Fúnmi, kín ni ọmọkùnrin yẹn wí fún ọ lórí àpáta? Bó ṣe wí i gan-an ni mo fẹ́ gbọ́."

Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Mo sọ ti fíláàṣì náà. Mo sọ pé mo mọ̀ lọ́jọ́ tó wá, pé mo dákẹ́ ni. Mo ń dúró kí wọ́n gbá mi létí, ìbá tilẹ̀ tù mí lára.

Wọn kò nà mí. Wọ́n ní bó bá jẹ́ àwọn ló gbé fóònù náà, bí mo ṣe gbọ́ ọ náà làwọn ì bá ṣe gbọ́ ọ, ìyá wo ló fẹ́ gbọ́ òdìkejì? Àmọ́ wọ́n wá di orí mú, wọ́n sunkún ju bí wọ́n ṣe sun lọ́jọ́ tí a gbọ́ ikú Délé lọ. Wọ́n ní, "Ọmọ tó wẹ ọmọ mi, tó wọ̀ ọ́ láṣọ, tó bo ojú rẹ̀. Mi ò fún un lómi mu, Fúnmi. Ọmọ odó ni mo fún un."

Láti ọjọ́ náà la ti ń wá Bródá Sámúẹ̀lì. Nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́. Mo kọ lẹ́tà sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn létí omi, kò sí èsì. Mo lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́ẹ̀mejì, àmọ́ Sámúẹ̀lì tó ń ṣe wẹ́dà pọ̀ níbẹ̀, mi ò sì mọ orúkọ bàbá rẹ̀. Màmá fẹ́ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ń bi mí bóyá mo ti rí i, títí àwọn náà fi kú.

Kí ni mo rí kọ́? Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá fẹ́ túfọ̀ fún ẹnikẹ́ni, ẹ pe ikú ní ikú. Mo mọ̀ pé kò dùn-ún sọ, mo mọ̀ pé a ti kọ́ wa láti máa fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó, àmọ́ ọ̀rọ̀ dídùn yẹn ló gba òkú ẹ̀gbọ́n mi mọ́ wa lọ́wọ́. Tí wọ́n bá sì sọ nǹkan fún yín, ẹ bèèrè lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ sì má ṣe bíi tèmi, kí ẹ dákẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fìyà jẹ aláìṣẹ̀ nítorí yín.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹnì kan ti sọ̀rọ̀ ikú fún yín rí tí kò yé yín? Kí ni wọ́n sọ, kí lẹ sì gbọ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi, mo fẹ́ kà á.

Ẹ̀bẹ̀ mi kan ló kù. Bóyá ẹ mọ wẹ́dà kan tó ń jẹ́ Sámúẹ̀lì, ará Ògbómọ̀ṣọ́, tó ti ṣiṣẹ́ létí omi rí, tó sì gbé báàgì dúdú wá sí Ìpáò-Èkìtì ní ọ̀sẹ̀ Àjíǹde kan tí a fi igi lé e. Ẹ sọ fún un pé Mama ti mọ̀ kí wọ́n tó kú pé òótọ́ ló sọ. Ẹ sọ fún un pé èmi tó wò lọ́jọ́ náà ló yẹ kó sọ̀rọ̀, mo sì ti wá sọ ọ́ báyìí.